Òpó Tí Kò Fọhùn

Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́ béèrè orúkọ Mọpélọ́lá lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Ohùn ilẹ̀kùn náà tutù, kò sì kánjú. Ó ní kó sọ orúkọ rẹ̀, kó sọ ibi tó fẹ́ jókòó sí, kó sì sọ bóyá etí ni, ojú ni, tàbí ọwọ́ ló fẹ́ fi gba ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ nínú ilé. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, Mọpélọ́lá ìbá yọ́ wọlé bí ológbò, kó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn èrò. Ṣùgbọ́n ní Ẹ̀bá-Ọ̀sà, ẹnikẹ́ni kì í yọ́ wọ ibi tí ènìyàn bá jókòó sí. Láti ọjọ́ tí Òfin Gbogbo-Ara ti dé, ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tí kò ríran mọ̀ pé òun ti wọlé, kí àwọn tí kò gbọ́ràn sì rí orúkọ òun lára ògiri.

"Mọpélọ́lá Láníyọnu," ni ó wí. "Ẹ̀yìn, lápá òsì. Etí."

Ilẹ̀kùn gba orúkọ náà, ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ilé. Orúkọ kan náà yọ lára ògiri iwájú, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ dákẹ́. Mọpélọ́lá rìn láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn dé ìjókòó rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Màmá Àyìnkẹ́ nìkan ló jókòó níwájú, lórí àga ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, kò ríran láti inú ìyá rẹ̀ wá, Adánwò sì ni fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ Adánwò ní ìlú náà. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ọkọ̀, kò sí àpótí oògùn tí ilé-iṣẹ́ kan lè gbé síta fún aráàlú láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú àwọn tí nǹkan náà lè tì síta ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò ó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bó bá lò ó tó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Òrùka ni òǹtẹ̀ Màmá Àyìnkẹ́, òrùka irin pẹlẹbẹ kan báyìí tí kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn arúgbó ń fi sọ́wọ́ nítorí làkúrègbé. Ìka rẹ̀ ṣófo láàárọ̀ yìí. Òrùka náà wà nínú àwo gíláàsì lórí tábìlì adájọ́.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò ní wíwọ́ nínú. Òpó tuntun tó wà ní Èbúté Ìdí-Àgbọn kò ní ohùn. Òǹtẹ̀ Màmá Àyìnkẹ́ sì wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó fọwọ́ kan òpó náà rí, ìṣẹ́jú kan kò ní í pé tí yóò fi mọ̀ pé ó yadi. Nítorí náà, ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ohun tí kò dán wò. Wọ́n ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

"Òǹtẹ̀ mi ni," ni ìyá náà wí. Kò fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

Mọpélọ́lá mọ ibi tí òrùka náà wà lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó. Ìka tirẹ̀ ló wà.

Òun ló ń ṣe òpó fún ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn èbúté. Ọkọ̀ omi Ẹ̀bá-Ọ̀sà kò ní awakọ̀, kò sì sí ẹni tó ń pe èrò sínú wọn. Òpó tó dúró létí omi ló ń sọ pé aláwọ̀ báyìí ń lọ sí ibi báyìí, pé èyí tó tẹ̀lé e ń lọ sí ibi báyìí. Àwọn tó kọ́ ilé alájà méje-mẹ́jọ sí Ìdí-Àgbọn ti fẹjọ́ sùn títí pé òpó kò jẹ́ káwọn gbádùn ilé àwọn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kúyẹ̀, wá ní kí Mọpélọ́lá ṣe tuntun: gíláàsì tó mọ́ roro, àwòrán tó fani mọ́ra, lẹ́tà tó ń tàn yòò. Ohùn yóò wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n yóò máa dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sétí ẹni tó bá nílò rẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ ohùn yìí ni kò tíì parí nígbà tí ọjọ́ tí wọn yóò tún ṣí èbúté kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ibà dá Màmá Àyìnkẹ́ gúnlẹ̀. Mọpélọ́lá gbé ọbẹ̀ ẹja lọ kí i. Ìyá yìí ló tọ́ ọ nínú iṣẹ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òun ló fi gèlè dì í lójú, tó ní kí ó ti ilé òun rìn dé ọjà, kí ó ra iyọ̀ wá, kí ó tó gbà á ní ọmọ iṣẹ́. Ọdún kejìlá rèé. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ìyá náà bọ́ òrùka lọ́wọ́, ó ní ibà ti jẹ ìka òun, òrùka fẹ́ máa bọ́ sọnù sínú aṣọ, kí Mọpélọ́lá bá òun tọ́jú rẹ̀ títí ara òun yóò fi le. Kò ní kí ó lò ó. Kò tiẹ̀ ronú pé ó yẹ kí òun kìlọ̀ fún un.

Mọpélọ́lá délé, ó wo ìwé èrò Ìdí-Àgbọn. Láàárín ọdún kan gbáko, afọ́jú méjì péré ló gba èbúté náà kọjá, àwọn méjèèjì ló sì ní ẹni tó ń mú wọn rìn. Méjì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án náà ni, pé ohùn yóò ti ṣetán ní ọjọ́ kẹwàá, pé ibà Màmá yóò ti lọ, pé òun yóò gbé òpó náà fún un nígbà náà, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó pa ohùn náà, gbogbo ohun tó so mọ́ ohùn sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki òrùka bọ ìka, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó. Wọ́n tún ṣí èbúté. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Gíláàsì ń dán bí omi òwúrọ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni bàbá rẹ̀ dé ibẹ̀.

Alàgbà Láníyọnu jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, òun ló ń ka Bíbélì fún ìjọ rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti ń dá a lágara. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù Òkè-Ìlera, kí wọ́n bá a fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sin òun. Ó ní ẹni tó bá ti ń jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ́wọ́, ilẹ̀ ló ń wá. Èbúté kékeré tó wà nítòsí ilé rẹ̀ ni wọ́n tì nígbà tí wọ́n tún ṣí ti Ìdí-Àgbọn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di èrò òpó tuntun.

Òpó náà ní ojú tó ń ya àwòrán. Mọpélọ́lá ti wo àwòrán ọjọ́ náà nígbà mẹ́ta, kò sì lè wò ó mọ́. Bàbá rẹ̀ dúró níwájú gíláàsì nínú agbádá funfun, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan ibí, ó fọwọ́ kan ọ̀hún. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú. Ọkọ̀ mẹ́ta wá, ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò kí i, yóò sì wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dá àdéhùn fún. Kò bi ẹnì kan léèrè. Wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kó tó tẹ̀lé àwọn èrò kan wọ ọkọ̀ aláwọ̀ ewé, nítorí pé aláwọ̀ ewé ló máa ń lọ sí Òkè-Ìlera ní èbúté àtijọ́.

Àwọn èrò yòókù sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ gbé bàbá náà dé Òpin-Iyanrìn, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ló ń wa yanrìn, tí kò sí ọmọ ènìyàn, tí ọkọ̀ kì í sì í padà títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn apẹja ló rí i lábẹ́ òjìji ẹ̀rọ kan. Ojú rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ ń dún bí ayùn.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ló tó lè sọ̀rọ̀. Mọpélọ́lá jókòó tì í lórí ibùsùn ní ọsibítù, ó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí kò yé e. Òun fúnra rẹ̀ ló yan bí lẹ́tà yẹn yóò ṣe tóbi tó.

"Bàbá, ó hàn gbangba lára gíláàsì. Òkè-Ìlera ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Bàbá rẹ̀ yí ojú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó yí nǹkan kan lára ẹ̀rọ, ó jáde.

"Mo rí lẹ́tà," ni ó wí níkẹyìn. "N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ìyókù, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ó ní ọmọ ọdún márùn-ún lòun nígbà tí omi gba ilẹ̀, tí àwọn òbí òun kó òun lọ sí àgọ́. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àgọ́. Nígbà tí àgọ́ fi máa tú, òun ti di géńdé, gbogbo nǹkan sì ti ń sọ̀rọ̀: ilẹ̀kùn ń sọ̀rọ̀, ìgò oògùn ń sọ̀rọ̀, ìwé ìrìnnà ń sọ̀rọ̀. Nítorí àwọn afọ́jú ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, òun náà sì bá wọn jẹ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún ní kí òun kàwé mọ́. Awò tí gbogbo ìjọ rò pé awò àgbà ni, awò afọ́jú ni. Òun ló ń ka Bíbélì sí òun létí, tí òun ń tún un pè. Ó máa ń bá òpó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí kò lè ka lẹ́tà tó ń tàn lára gíláàsì fúnra rẹ̀. Òpó Ìdí-Àgbọn ni kò dá a lóhùn.

Mọpélọ́lá rántí ìgbà èwe rẹ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ máa ń pè é síwájú, á ní, "Kà á kí n gbọ́." Ó rò pé ó ń dán òun wò ni. Ẹ̀rù sì máa ń bà á, nítorí ó dá a lójú pé bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, bàbá òun yóò mọ̀.

"Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́," ni bàbá náà wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ka Bíbélì fún wọn. Kí ni wọn óò máa pè mí?"

Ó ṣèlérí fún un. Kò sọ fún un pé òun lòun pa ohùn òpó náà.

Ìlérí yẹn ló jókòó lé lórí nínú gbọ̀ngàn, tó ń gbọ́ bí Lọ́yà Ṣódípẹ̀, agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́, ṣe ń rojọ́. Ọmọlúàbí ènìyàn ni lọ́yà náà. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ bá ẹbí Láníyọnu kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló ní kí ilé ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí kì í ṣe afọ́jú. Ọ̀mọ̀wé àgbà ni, òǹkàwé ìjọ. Lẹ́tà wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá kà á, àìsàn ló fà á, kì í ṣe ìyadi òpó. Pé Adánwò kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tòun àti òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n òpó fúnra rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára, ilé-iṣẹ́ sì ń tọrọ àyè láti gbé irú rẹ̀ lọ sí èbúté méjìlélógójì tó kù, nítorí àwọn aráàlú ti jẹ́rìí pé àwọn ń sùn dáadáa báyìí.

Adájọ́ Oyèdìran gbọ́ ọ pẹ̀lú ojú rẹ̀, nítorí adití ni. Ó ń wo ọ̀rọ̀ lọ́yà bó ṣe ń yọ lára ògiri. Nígbà tó fẹ́ fèsì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú ìbọ̀wọ́ dúdú, ìka rẹ̀ ń rìn, ohùn kan sì ń ti ara ògiri sọ ohun tí ìka náà ń wí. Ó bi Màmá Àyìnkẹ́ bóyá ó ní ohun kan láti fi kún ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá náà ní òun kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó yí orí díẹ̀ sí ẹ̀yìn, sí apá òsì, sí ibi tí ilẹ̀kùn ti kéde pé Mọpélọ́lá jókòó sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mọpélọ́lá mọ̀ pé ìyá náà lè ti sọ ọ́ láti àárọ̀, pé gbólóhùn kan péré ni yóò ná an. Ó mọ̀ pé ó ń dúró de òun ni.

Ó dìde. Orúkọ rẹ̀ tún yọ lára ògiri.

"Èmi ni mo lo òrùka náà," ni ó wí. "Màmá ní kí n bá àwọn tọ́jú rẹ̀. Àwọn kò mọ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: ibà, ọbẹ̀ ẹja, ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ń kánjú sá fún, afọ́jú méjì tó kà nínú ìwé. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ náà sì ń yọ lára ògiri láìgbọ̀n, ó dúró gbọn-in bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Lápá ọ̀tún, Ọ̀gá Kúyẹ̀ tẹjú mọ́ orúnkún ara rẹ̀. Nígbà tó parí, ó rò pé èyí tó le jù ti kọjá. Ìgbà náà ni ìka adájọ́ tún rìn. Ohùn ara ògiri ní ó yé òun bí òpó ṣe yadi, ṣùgbọ́n lọ́yà bi ìbéèrè kan tí kò tíì rí ìdáhùn. Kí ló dé tí bàbá rẹ̀ kò ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?

Mọpélọ́lá wo ilẹ̀.

"Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì," ni ó wí.

Ògiri kọ irọ́ náà gàdàgbà. Màmá Àyìnkẹ́ kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ohùn Mọpélọ́lá fún ọdún méjìlá. Ó fa èémí sínú, ó sì tẹ orí ba. Lọ́yà Ṣódípẹ̀ rọra dìde. Ó ní ó dun òun láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n àbọ̀ dókítà wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n yẹ ojú Alàgbà wò lóṣù tó kọjá, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ó béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ bóyá arábìnrin náà fẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, tí wọ́n tún wá ká irọ́ mọ́ lẹ́nu kí itọ́ tó gbẹ, kí ló kù tí yóò sọ? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń dúró de èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì.

"Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀."

Láti ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ni ohùn náà ti wá, láti inú gíláàsì tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Àwòrán Alàgbà Láníyọnu wà nínú rẹ̀ láti ọsibítù, ìrọ̀rí mẹ́ta gbé e ró. Mọpélọ́lá ti wò ó nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ wà ní pípadé, ó sì rò pé ó ń sùn ni. Kò sùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ òrùka ló gbọ́.

"Ojú mi kò ṣe nǹkan kan," ni bàbá náà wí. "N kò mọ̀wé kà. N kò mọ̀ ọ́n kà rí."

Ìró kan gba ilé kọjá, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wọ inú ewé. Obìnrin ìjọ kan wà nínú àwọn tó jókòó, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá náà kò dúró. Ó ní òun lè béèrè ọ̀nà lọ́jọ́ náà, pé èrò pọ̀ níbẹ̀, ẹnu sì wà lára òun. Ojú ló ti òun. Òun rò ó pé kí wọ́n má gbọ́ pé Alàgbà ń béèrè ohun tó wà níwájú rẹ̀, òun sì wọ ọkọ̀ tí òun kò mọ̀. Ojú rẹ̀ ń wo ọ̀kánkán, sí ibi tí ògiri wà.

"Mọpé," ni ó pè é. "Kí ni wọ́n kọ sára ògiri yẹn?"

Gbogbo ilé ń wò ó. Ìka adájọ́ dúró lórí tábìlì, kò rìn. Ìlérí tó ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ti tú, òun náà kọ́ ló tú u, síbẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ògiri.

"Kà á kí n gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó kà á. "'N kò mọ̀wé kà. N kò mọ̀ ọ́n kà rí.'"

Bàbá náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n fi ẹrù rẹ̀ hàn, tó ní bẹ́ẹ̀ ni, tèmi ni.

Ilé kò tètè pa rọ́rọ́ tó bí adájọ́ ṣe fẹ́. Obìnrin kan tó gbé ìbejì wá dìde ní ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sọ orúkọ rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ó ní òun mọ̀wé ní tòun, òun sì ríran, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lẹ́yìn, ọ̀kan wà láyà, ẹrù wà lórí. Etí lòun fi ń wọ ọkọ̀, láti ọjọ́ tí òpó sì ti dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti ṣìnà. Ọkùnrin Ègùn kan ní òun gbọ́ Yorùbá, òun kò lè kà á. Jórinjórin kan ní iná iṣẹ́ kì í jẹ́ kí òun lè wo gíláàsì tó ń tàn ní òwúrọ̀. Akọ̀wé tó ń bójú tó ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn gan-an dìde, ó jókòó padà, ó tún dìde. Ó ní irú Alàgbà ni òun náà. Méjì ni Mọpélọ́lá kà nínú ìwé. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí ìwé náà mọ̀.

Ìdájọ́ jáde kí oòrùn tó kan àtàrí. Wọn kò fún ilé-iṣẹ́ láyè láti gbé òpó náà lọ síbòmíràn. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Mọpélọ́lá fún ọdún mẹ́ta. Òrùka Màmá Àyìnkẹ́ yóò sinmi nínú àwo gíláàsì fún ọdún kan, nítorí ẹni tó ni òǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kúrò lára òun, ibà ì báà ṣe é. Ìyá náà gbọ́ tirẹ̀ láìfajúro. Lẹ́yìn náà, ohùn ara ògiri ní ó kù díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni yóò gbà láti dá ohùn òpó padà kí wọ́n sì dán an wò bó ṣe yẹ. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí, ẹni tó pa ohùn náà ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó láti àfẹ̀mọ́júmọ́ dé ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọkọ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohùn Mọpélọ́lá kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Kò pe èrò rí láyé rẹ̀. Wọ́n ń ṣí fèrèsé lórí ilé alájà mẹ́jọ, wọ́n ń yọjú wò ó, wọ́n ń tì í padà. Ọ̀gá Kúyẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì, ojú omi ló ń wò títí ó fi wọ ọkọ̀. Àwọn èrò mìíràn mọ ohun tó ṣe, wọn a béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì ní í dúpẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ ló ń súre fún un, èyí ló sì ń dùn ún jù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, bàbá rẹ̀ dé. Ó ti rù, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bùbá lásán ló wọ̀. Ọjọ́ Ìsinmi ti kọjá, kò dé ilé ìjọsìn. Èrò pọ̀ létí omi. Ó dúró láàárín wọn, kò rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú wọn ló ń lọ sí Òkè-Ìlera?"

"Èyí tó pupa ni, Bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún yín."

Ó ní ó ṣeun. Bí àlejò ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ọ̀nà hàn án ló ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba àpò ọwọ́ rẹ̀, Alàgbà Láníyọnu sì jẹ́ kó gbà á. Mọpélọ́lá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà. Òun náà kò tíì bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ sílé Màmá Àyìnkẹ́ pẹ̀lú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá náà ló ń jáde sí i, á ní Màmá ń sùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí oòrùn ti ń rọ̀, ó gbé ojú sókè, ó rí ọ̀pá funfun tó ń bọ̀ láàárín èrò, tí àwọn ènìyàn ń yà fún. Ó dákẹ́.

Màmá Àyìnkẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ òpó, ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì tó tutù náà, ó fi ìka tó ṣófo wá etí rẹ̀ títí ó fi kan òkè.

"Ìwọ ni," ni ó wí. "Láti ìdí àwọn ẹlẹ́ja ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Mọpélọ́lá wólẹ̀ lórí pákó èbúté. Orúnkún rẹ̀ dún lára igi. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tó ti ń tò láti ọjọ́ púpọ̀, pé Màmá, mo dalẹ̀ yín, pé ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan tó wà lókèèrè. Lórí omi, ọkọ̀ kan ń bọ̀. Lẹ́yìn wọn, àwọn èrò ti ń ti ara wọn, ọ̀kan ń bi ọ̀kan léèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ, nítorí wọn kò rí gíláàsì láti ẹ̀yìn.

"Dìde," ni Màmá Àyìnkẹ́ wí. "Gbé ohùn sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."